Ẹ̀rọ Orin tí Malachi Gbé Dé láti Kánádà

Nígbà tí Malachi ti Kánádà dé sí Lanlate, ẹ̀rọ orin rẹ̀ ló kọ́kọ́ tú nínú ẹrù. Ojú ìyá rẹ̀ ti ń ṣú, orin ìyìn ló kù tó ń dá a lára yá, Malachi sì ti ṣèlérí pé yóò gbọ́ ọ bí ẹni tó jókòó sáàárín akọrin. Aládùúgbò kún pálọ̀. Malachi ti ra àdápítọ̀ kékeré tó jẹ́ kí ẹnu wáyà rẹ̀ lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Ó rò pé ìyẹn ti tó. Orin ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni nǹkan dún gbàà, èéfín rú, pálọ̀ ń rùn bíi rọ́bà tó jóná.

Ojú tì í. Ló bá yíjú sí Bámiṣẹ́, ẹni tó fa wáyà ilé náà, tóun náà wá gbọ́rin.

"Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́! Irú wáyà wo lẹ fà sílé yìí?"

"Òun náà ni Màmá fi ń lo fíríìjì," Bámiṣẹ́ dáhùn.

"Fíríìjì kọ́ lèyí!"

Bámiṣẹ́ dìde. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Malachi dojú ẹ̀rọ náà dé kó lè dì í padà sínú páálí. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sídìí rẹ̀: ọgọ́fà fóòtì, ìyẹn ìwọ̀n agbára iná tó ń fẹ́. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ni iná tiwa. Ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó kàn gbàgbé ni. Ó fẹ́ panu mọ́, àfi bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ pé Purity tó ń dirun nítòsí ti ní kí Bámiṣẹ́ má fa wáyà ṣọ́ọ̀bù òun mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí Malachi sọ.

Malachi gbéra, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ó bá Bámiṣẹ́ níbi tó ti ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ kó lè lọ, ó sì dọ̀bálẹ̀ lójú àwọn oníbàárà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Èmi ni mo ba ẹ̀rọ mi jẹ́. Iná Kánádà ni wọ́n ṣe é fún, mi ò sì lo tiransífọ́mà tó ń dín agbára iná kù. Ẹ ò jẹ̀bi rárá."

"Ẹ sì jẹ́ kí n lé Bámiṣẹ́ láìṣẹ̀!" Purity kígbe.

"Dìde," Bámiṣẹ́ wí. "Ìwọ tó o ti òkèèrè dé, ohun tó o bá sọ ni wọ́n máa gbà gbọ́. Ṣé o rí i?"

Malachi dìde. Purity bẹ Bámiṣẹ́ pé kó tú irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, Bámiṣẹ́ sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n títí Malachi fi padà sí Kánádà, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà jáde, kó má baà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà.