Òróró Nínú Mọ́ọ̀dù Òjé

Ọmọ apẹja ni ọkọ mi, ará Ẹ̀pẹ́. Òjé tí bàbá rẹ̀ ń so mọ́ etí àwọ̀n ló fi ṣeré nígbà tó wà ní kékeré. Nígbà tí a kó dé Dagenham ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ra ọ̀pá ìpẹja, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da òjé tirẹ̀, irú èyí tó máa ń fa ìwọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ omi, nínú ahéré onípákó tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Creekmouth ni wọ́n jọ máa ń lọ sí etí òkun ní Sátidé. Òjé ọkọ mi máa ń dọ́gba débi pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í lo ti ẹlòmíràn.

Lọ́dún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ọlọ́run ṣàánú wa: ọ̀rọ̀ rẹ̀ já geere, ẹsẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń lọ́ra. Ó máa ń sọ pé ọjọ́ tí òun bá tún da òjé tó dára ni òun á mọ̀ pé òun ti padà di ara òun.

Ọjọ́ náà dé. Ó ṣí ilẹ̀kùn ahéré sílẹ̀ kí èéfín lè jáde, ó yọ́ òjé, ó sì dà á sínú mọ́ọ̀dù, irin méjì tó máa ń pa dé bí èèpo ẹ̀pà. Gbogbo èyí tó jáde ló hunjọ. A gbé wọn sórí ìwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun, kò sí méjì tó dọ́gba.

"Ọwọ́ mi ni," ó wí. "Kí n tó da òmíràn, mọ́ọ̀dù á ti tutù. Òjé kì í ráyè kún inú mọ́ọ̀dù tútù. N ó kúkú gbé mọ́ọ̀dù náà fún ẹni tó lè lò ó."

"Dádì, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa ná."

"Kí la tún fẹ́ wò? O ti di dókítà òjé?"

Ilé ìdáná ilé-ìwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí kéèkì kan bá kéré ju ìkejì lọ, mo máa ń fẹ́ mọ ìdí. Ohun tí ọkọ mi fúnra rẹ̀ kọ́ mi ni mo fi rò ó. Bí wọ́n bá da irin mìíràn mọ́ òjé, gbogbo rẹ̀ á fúyẹ́, àmọ́ á fúyẹ́ bákan náà. Bí èérún òjé bá há sẹ́nu mọ́ọ̀dù, kò ní pa dé, òjé á sanra, á sì wúwo jù. Kò sí ọ̀kan tó sanra nínú èyí tó wà níwájú wa.

"Ẹ jẹ́ kí èmi náà dà á," mo ní.

Mo jẹ́ kí mọ́ọ̀dù gbóná dáadáa, mo sì yára dà á léraléra. Tèmi náà hunjọ.

Ó gbé ọ̀kan, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ó ń ṣe ìwọ náà!"

Nígbà náà ni mo gbé mọ́ọ̀dù síbi ìmọ́lẹ̀. Inú rẹ̀ ń dán, ó sì ń rùn bí agbada àkàrà.

"Ṣé ẹ fi òróró sí i ni?"

"Èmi kẹ̀? Òróró lọ́tàá òjé! Bó bá ti gbóná, á di èéfín, èéfín á sì gba àyè òjé."

A wo ara wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Rush Green wá sọ́kàn àwa méjèèjì. Ìyá àdúrà ni wọ́n nínú ìjọ Aládùúrà wa. Nígbà tí àìsàn yẹn le, wọ́n máa ń wọ bọ́ọ̀sì wá láti wẹ̀ fún un kí n lè lọ síbi iṣẹ́. Bí mo bá ń dúpẹ́ títí ọ̀la, ọpẹ́ náà kò lè tán. Wọ́n fi òróró àdúrà kan ibùsùn rẹ̀, wọ́n fi kan ilẹ̀kùn, wọ́n fi kan ọ̀pá tó fi ń rìn.

Mo pè wọ́n. "Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fi òróró kan irin kan nínú ahéré?"

"Irin tó lanu bí ọ̀ọ̀nì yẹn? Mo rọ ọ́ kún un ni! Ṣebí iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò mi ni. Ó ṣiṣẹ́, àbí?"

Ọkọ mi gba fóònù. "Ó ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ó ṣiṣẹ́ débi pé òjé ò ráyè wọlé mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. "Ẹ tètè fọ̀ ọ́ o! Ìyàwó, má jẹ́ kó sọ fún àwọn alàgbà, wọn ò ní jẹ́ n sinmi."

Mo fi omi gbígbóná, ọṣẹ ìfọwo àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, mo sì sá a sórí irin tó ń mú ilé móoru títí ilẹ̀ fi mọ́, torí bí ẹ̀kán omi kan bá kù níbẹ̀, òjé gbígbóná á ta síni lójú.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi fi ọwọ́ rẹ̀ tó ń lọ́ra dà á. Bí ó bá ti pẹ́ jù, á tún fi iná mú mọ́ọ̀dù gbóná díẹ̀. Àwọn àkọ́kọ́ hunjọ nítorí pé mọ́ọ̀dù ò tíì móoru, ó sì dá wọn padà sínú ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní dídán. Mo wọ̀n wọ́n: bí ìyàtọ̀ bá wà rárá, gíráàmù kan ni.

"Ọwọ́ yìí ṣì ń lọ́ra," ó wí.

"Ó ń lọ́ra," mo dáhùn, "àmọ́ ó mọ iṣẹ́ rẹ̀."

Ó pa iná, ó jókòó sórí àpótí, ó sì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Sátidé ńkọ́? … Rárá o, má ra òjé kankan. Ìwọ ṣáà mú ekòló wá."