Abọ́ Omi Ìsọmọlórúkọ ní Siluko Road

Òórùn bẹntiróòlù kì í ya ará Siluko Road lẹ́nu. Jẹnẹrétọ̀ ń bẹ níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ elẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń bẹ níbẹ̀, àwọn mẹkáníìkì tó ń fi epo fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun náà ń bẹ níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí òórùn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ẹnu ẹ̀rọ omi ilé tí mo háyà, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ kà á sí. Bàbá onílé wa, ọ̀gá báńkì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣì ń so táì lọ ra búrẹ́dì, ní ọ̀dà tuntun tí òun fi kun táńkì ni. A gbà fún un. À ń fi omi náà fọṣọ, a sì ń ra píọ́ wọ́tà mu.

Iṣẹ́ tèmi sì ni kí n máa yẹ omi abẹ́ ilẹ̀ wò. Ọ̀kan nínú àwọn àgbá epo tí ilé epo ẹ̀yìn ọgbà wa rì mọ́lẹ̀ ti jò, ilé iṣẹ́ wa sì gbẹ́ àwọn ihò tóóró yí ibẹ̀ ká láti mọ ibi tí epo náà rìn dé. Ó ti rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí èsì omi kànga dẹ̀rọ wa jáde, mo mú un lọ bá bàbá onílé. Ó kà á tán, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní òun fúnra òun ni yóò bá àwọn ayálégbé sọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀, lọ́nà tó bójú mu.

Òwúrọ̀ ọ̀hún ni wọ́n ń sọmọ lórúkọ ní yàrá tó kángun sí tèmi. Tíṣà ni bàbá ọmọ. Bàbá tirẹ̀ ti Èkìtì wá. Nígbà tí mo wọlé, oyin, iyọ̀ àti obì ti wà níwájú bàbá àgbà, bàbá onílé sì ti gba àga tó dára jù. Ìyá ọmọ gbé píọ́ wọ́tà kalẹ̀. Bàbá àgbà wò ó bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ òsì kí.

"Omi tí wọ́n dì bí ẹ̀kọ? Omi ilé tí a bí ọmọ sí la fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ lọ bù ú wá."

Mo wo bàbá onílé. Àjà ló ń wò. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n gbé abọ́ omi náà wọlé. Kò sọ ọ́. Mo rò pé yóò sọ ọ́ nígbà tí àdúrà bẹ̀rẹ̀. Àmín tirẹ̀ ló ròkè jù. Òórùn náà ti kún yàrá, àwọn èèyàn ń fi ọwọ́ fẹ́ imú, wọ́n rò pé kẹ̀kẹ́ kan ló dúró síta. "Omi kò ní ọ̀tá," ni bàbá àgbà wí. Ó ti ìka bọ abọ́, ó ń gbé e lọ sí ẹnu ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Ìwé ẹ̀rí yunifásítì méjì ni mo ní, kò sì sí èyí tó kọ́ mi bí a ṣe ń dá àgbàlagbà dúró láàárín àdúrà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, bàbá. Onílé ló ni omi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí wọ́n fi súre fún ọmọ."

Gbogbo ilé ní mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí. Ìka bàbá àgbà dúró, omi kán sórí aṣọ ìkókó. Wọ́n gbé abọ́ fún bàbá onílé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbé e dé ètè, ojú rẹ̀ sì bá tèmi nílẹ̀ tí mo wà. Ẹ̀rù bà mí pé ìgbéraga lè mú un mu ún. Ó gbé e kalẹ̀.

"Omi náà kò dáa," ló wí, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́. "Epo ti wọ inú rẹ̀. Mo ti mọ̀ láti àná."

Ìyá ọmọ fi etí ìborùn rẹ̀ nu ìka bàbá ọkọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó wá gba ọmọ mọ́ra. Bàbá àgbà fi eyín ya píọ́ wọ́tà, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ wa lè sọ ibi tí epo rìn dé nínú òkùnkùn ilẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n abọ́ tó dé ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló mú onílé sọ òtítọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn onílé epo ti ń fa omi ẹlẹ́po jáde lẹ́yìn ọgbà, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ, tí àwa sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọbìnrin tí a sọ lórúkọ lọ́jọ́ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Bí mo bá kí i ní Yorùbá, Pijin ló fi ń dá mi lóhùn. Ìgbàkigbà tó bá rí mi pẹ̀lú àwọn ìgò tí mo fi ń bu omi àyẹ̀wò, ìbéèrè kan náà ni: "Uncle, di water don clean?"

"Ó kù díẹ̀," ni mo máa ń wí, bí mo ti ṣe wí lọ́dún tó kọjá. Á wá wò mí gẹ́gẹ́ bí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe wo píọ́ wọ́tà lọ́jọ́ náà.