Ọjọ́ Tí Mo Pe Eré Ní Gìrì

Ìwọ tí ò ń bá mi kọ ọ́ yìí gan-an lọ̀rọ̀ kàn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́ nígbà náà. Má rẹ́rìn-ín, máa kọ ọ́ lọ.

Kérésì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Onígbàgbọ́ ni ìyá rẹ, mùsùlùmí lèmi ìyá àgbà rẹ, àjọjẹ lọdún nílé wa. Ó ń lọ sọ́jà Ìkọ̀tún lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ní kí n máa wò ọ́. Kó tó jáde, ó tan fíìmù Kérésì kan fún ọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ti àwọn ọmọ òyìnbó ayé àtijọ́. Ó ní òun wò ó ní kékeré, pé ó dùn gan-an.

Dùn kẹ̀? Ọmọlangidi onígi ló kún inú ẹ̀, tí wọ́n ń fi okùn fà káàkiri. Ojú wọn là sílẹ̀, wọn kì í ṣẹ́jú. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ nìkan ní í máa já bọ́, kà, kà, kà. Bàbá Kérésì wọn ló wá burú jù. Irùngbọ̀n ẹ̀ dà bí òwú tí eku jẹ kù. Tó bá yí orí, ara kì í bá a yí. Mo ní, "Aúsù bílláhì!" Mo kó aṣọ tí mò ń ká, mo sá wọ yàrá. Ìwọ ò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

Ó ṣe díẹ̀, wọ́n mú iná lọ, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mo pè ọ́, o ò dáhùn. Mo jáde wá. O nà gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀, apá gan, ẹsẹ̀ gan, o ranjú mọ́ àjà. Eyín rẹ ń lu ara wọn, kà, kà, kà.

Gìrì! Gìrì ló pa àkọ́bí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, lórí ẹsẹ̀ mi báyìí. Mo mọ ojú ẹ̀.

Mo figbe ta. Obìnrin tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa sáré dé pẹ̀lú ṣíbí.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kó má gé ahọ́n jẹ!"

"Ṣíbí kọ́ jàre, kẹ̀kẹ́ ni kó o bá mi pè! Ọsibítù Ìgándò là ń lọ!"

"Ẹ ò wọ bàtà, Ìyá!"

"Bàtà ta ni?"

Mo ti gbé ọ lé èjìká, o gan bí igi ìdáná. A dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣì ń na ṣíbí yẹn sí ọ, ni àgbọ̀n rẹ bá já bọ́, o ní:

"Màmá Àgbà, ẹ fa okùn mi. Ọmọlangidi kì í dá rìn."

Obìnrin yẹn ní, "Háà! Ọmọ yìí á pààyàn!"

Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ. Ó tutù bí omi àmù. Mo jókòó sójú àbáwọlé pẹ̀lú ìwọ lọ́wọ́. Ẹkún ló kọ́kọ́ wá, ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Alihamudulilahi, n ò mọye ìgbà tí mo sọ ọ́. Inú wá bí mi ṣá. Mo gbọ́wọ́ sókè, ó yẹ kí n fọ́ ọ nídìí. Ìwọ ń wo ọwọ́ ọ̀hún, ò ń retí. Mo bá fa okùn tí n ò rí. Apá rẹ òsì gòkè. Mo fa òmíràn, tọ̀tún náà gòkè.

Obìnrin yẹn ju ṣíbí sílẹ̀, ó lóṣòó tì wá.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kémi náà fà á."