Orúnkún Òsì Gúnrégé

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Gúnrégé ti ń to táìlì sílé onílé, orí orúnkún ló sì ti ń tò ó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí ojú ìlà rẹ̀ kì í wọ́. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́rin, ẹni tó ń to ilẹ̀ gúnrégé kò lè rìn gúnrégé mọ́. Tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn ló fi ń sọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wò ó, á ní ojú ìlà lòún ń yẹ̀ wò. Irọ́ tó jìnnà sóòótọ́ ni.

Ẹ̀rù ń bà á. Agbaṣẹ́ṣe tó máa ń gbéṣẹ́ fún un ti ní ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí òun á yan ẹni tí yóò to ilẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan, ogún yàrá gbáko. Ta ni yóò gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún onítáìlì tó ń tiro?

Làkúrègbé ni Gúnrégé pe ìrora orúnkún òsì rẹ̀, bí gbogbo ayé ti ń pe ohunkóhun tó bá ti ń dun orúnkún. Ó fi báńdéèjì dì í pinpin, ó ń kẹ́ ẹsẹ̀ náà bí ọmọ tuntun, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń ṣe gbogbo wàhálà. Bó ṣe ń sinmi tó ló ń le sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ tí kò lè dìde nílé ìgbọ̀nsẹ̀, ìyàwó rẹ̀ yarí, ó wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ onífísíò, obìnrin kan nílé ìwòsàn tó ń fi ìdárayá tún iṣan àti oríkèé ṣe.

"Dókítà, ẹ ṣáà fún mi lóògùn. Iṣẹ́ ń dúró dè mí."

"Bàbá, ẹ kọ́kọ́ fi bí ẹ ṣe ń to táìlì hàn mí."

Gúnrégé wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ ò pé. Ó kúnlẹ̀, òógùn bò ó. Orúnkún òsì ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, orí orúnkún yẹn ló ti yí sọ́tùn-ún, ló ti yí sósì, òun náà ló sì fi dìde, ó ń payín keke.

Obìnrin náà tú báńdéèjì, ó fa téèpù yọ, ó wọn itan méjèèjì. Ti òsì fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin kéré sí ti ọ̀tún. Gúnrégé gba téèpù lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ì bá bá ènìyàn jiyàn, ṣùgbọ́n onítáìlì wo ló ń bá téèpù jà?

"Iṣan itan ló yẹ kó máa bá orúnkún gbẹ́rù," onífísíò ní. "Kíkúnlẹ̀ sórí ẹyọ kan ti jẹ ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun. Ìsinmi tẹ́ ẹ fún un wá sọ itan di ọ̀lẹ. Ẹjọ́ itan ni orúnkún ń rò."

"Ṣé mo ṣì lè ṣiṣẹ́?"

"Kò ní dà bíi tuntun mọ́. Ṣùgbọ́n itan ṣì lè lágbára, tẹ́ ẹ bá gbọ́ tèmi."

Ó ní kó máa jókòó na ẹsẹ̀ síwájú, kó gbé e dúró, kó máa kà títí dórí ẹẹ́wàá, kó máa dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan. Ó ní tó bá ń kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́, kó máa fi tìmùtìmù sábẹ́ orúnkún, kó sì máa pààrọ̀ ẹsẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, Gúnrégé pariwo pé obìnrin yẹn fẹ́ pa òun.

"Kó pa yín ká rí i," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ẹẹ́rin lẹ kà dé."

Ọ̀sẹ̀ kẹfà pé. Gúnrégé gun àjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀lé agbaṣẹ́ṣe, ó sì kọjú síwájú sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, ṣé ọjọ́ mẹ́wàá á tó yín?"

'Bẹ́ẹ̀ ni' ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì. "Rárá. Orúnkún mi ò gba àtàárọ̀ dalẹ́ mọ́. Tí mo bá kúnlẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, mo gbọ́dọ̀ dìde."

Agbaṣẹ́ṣe wo ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka yàrá.

Ìyàwó rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kó tó délé. "Ṣé ó gbé e fún yín?"

"Ìdajì."

"Orúnkún ńkọ́?"

"Ìdajì lòun náà."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Gúnrégé fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín, omijé ló bọ́.