Ẹni Tí Agbẹ̀bí Sìn Sọ́nà

Ní gbogbo ọdún tí Ìyá Ìbejì fi ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí, oúnjẹ tútù ni ọkọ rẹ̀ fi mọ iṣẹ́ náà. Wọn á ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sídìí tábìlì, òkèlè àkọ́kọ́ kò ní tíì dé ọ̀fun, ẹnìkan á ti máa lu ilẹ̀kùn gbàgbàgbà: “Ẹ jọ̀ọ́, ó ti ń rọbí o!” Ìyá Ìbejì á ṣan ọwọ́, á gbé báàgì rẹ̀, ó di àwátì. Á wá ku ọkọ rẹ̀, tí í ṣe télọ̀, òun àti ọbẹ̀ àti àwọn ìbejì.

Kì í ṣe pé Bàbá Ìbejì burú. Ó ń wẹ ọmọ, ó ń pọ̀n wọ́n sẹ́yìn rán aṣọ, tí àwọn oníbàárà á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní gbólóhùn kan tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ bí inú bá ń bí i: “Gbogbo ayé ló fẹ́ ìyàwó. Èmi ni mo fẹ́ ẹnu ọ̀nà.” Ìyàwó rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ìbejì, tí wọ́n ti di géńdé, ní kí àwọn òbí àwọn lọ sinmi fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ní ìlú kan létí òkun, ìlú tí kò sí ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n tó ilé tẹ́tẹ́.

“Tẹ́tẹ́ kẹ̀?” ni Bàbá Ìbejì wí. “Ṣé ẹ fẹ́ kí bàbá yín fi ọjọ́ ogbó ya ìyàkuyà ni?”

“Bàbá, ta ló ní kí ẹ ta á?” ni ọ̀kan nínú wọn dáhùn. “Ẹ lọ wo òkun, ẹ sùn, ẹ jẹun. Kò sẹ́ni tó máa kanlẹ̀kùn níbẹ̀.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló mú un gbà.

Hòtẹ́ẹ̀lì náà ga, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nípọn débi pé ènìyàn kì í gbọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe wọ yàrá, etí kọ́tìnì ni Bàbá Ìbejì kọ́kọ́ fọwọ́ gbá mú, ó yẹ ojú rírán rẹ̀ wò, ó mi orí. “Ẹni tó rán èyí ń kánjú lọ síbì kan,” ni ó wí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jẹun tán láìdìde. Ìyá Ìbejì jókòó, ó ń wo àwo rẹ̀ tó ti ṣófo bí ẹni tí kò mọ ohun tó kàn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni òjò dé. Òkun kò ṣeé lọ, ni wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ sí ilé tẹ́tẹ́ tó wà nísàlẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n sáà lọ wòran. Gbọ̀ngàn náà kò ní fèrèsé. Ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ tò lọ rẹrẹ, ẹnìkan nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò wo ẹnìkejì rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó wọ kóòtù àlòkù ló kí wọn. Ó ti gbé fìlà rẹ̀ lé orí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ẹ má jókòó tì í o,” ni ó wí, ó ń fi ẹ̀rọ náà hàn wọ́n. “Èyí tí ẹ ń wò yìí, kò ní ìyá, kò ní bàbá. Ẹ bẹ̀ ẹ́ títí, kò ní ṣàánú yín.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìbejì ń wo ìgúnpá kóòtù náà tó ti ya, ó ń rò ó lọ́kàn bí òun ì bá ṣe lẹ̀ ẹ́, nígbà tí arúgbó náà fọwọ́ di àyà mú, tó sì yọ́ wálẹ̀ láti orí àga.

Kí Bàbá Ìbejì tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti kúnlẹ̀. Ó ti tú ọrùn ẹ̀wù arúgbó náà, ó ti gbé orí rẹ̀ lé itan. “Ẹ pe dókítà!” ni ó kígbe. Òṣìṣẹ́ kan sáré lọ. Obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ kejì ká ẹsẹ̀ kò kí ó má baà gbá wọn, ó sì ń bá tẹ́tẹ́ rẹ̀ lọ.

Arúgbó náà lajú. “Ẹ bá mi di àga yẹn mú,” ni ó wí. “Wọ́n á gbà á.”

“Kò sẹ́ni tó máa gbà á, bàbá. Èmi rèé. Mi ò lọ síbì kankan. Ẹ rọra mí. Ẹ mí sí i.”

Bàbá Ìbejì kò gbọ́ ohùn yẹn rí. Ó mọ èyí tí ìyàwó rẹ̀ fi ń bá ọmọ wí, ó mọ èyí tó fi ń ná ọjà, ó sì mọ èyí tó fi ń bínú dáadáa. Èyí kò sí nínú wọn. Ó rọlẹ̀, ó sì dúró gbọn-in. Nígbà tí èémí arúgbó náà dá, Ìyá Ìbejì tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àyà rẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, kò dúró títí àwọn tó gbé ọkọ̀ pàjáwìrì wá fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Máníjà dé, ó rọra fa aṣọ kan yí wọn ká. “Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ lè máa lọ sinmi, a máa mójú tó o.”

“Ta ló ń bá a lọ sílé ìwòsàn?”

“Ó dá wá ni, mà.”

“Kò ní dá lọ,” ni Ìyá Ìbejì wí. Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó ti múra sílẹ̀ de ìbínú. “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ìsinmi la wá ṣe…”

Bàbá Ìbejì ti mú fìlà arúgbó náà dání. “Gbé báàgì ẹ,” ni ó wí. “Jẹ́ ká lọ.”

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú mọ́ṣúárì títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, wọ́n padà wá, nítorí wọ́n ti bá ọmọ arúgbó náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì ti wà lọ́nà. Ọmọ náà dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Ó wọlé, ó rí bàbá rẹ̀, ó jáde, ó kúnlẹ̀ kí wọn, kò sì dìde.

“Mà, ṣé wọ́n jẹ̀rora?”

“Ó jẹ ẹ́ díẹ̀. Kò pẹ́.”

“Ṣé wọ́n sọ̀rọ̀? Ṣé wọ́n dárúkọ mi?”

Bàbá Ìbejì wúkọ́. Ó fẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Irọ́ kékeré kan, tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, ti wà létè òun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì kò parọ́ fún abiyamọ rí, àní nígbà tí ọmọ kò bá ké.

“Rárá, ọmọ mi. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ká bá òun di àga ẹ̀gbẹ́ òun mú, kí wọ́n má gbà á.”

Ọmọ náà wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín débi pé òṣìṣẹ́ mọ́ṣúárì yọjú, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

“Àga màámi ni,” ni ó wí nígbà tó rí ọ̀rọ̀ sọ. “Àwọn àti bàbá ni wọ́n jọ máa ń lọ sílé tẹ́tẹ́ yẹn. Láti ìgbà tí màámi ti kú, níbi yòówù kí bàbá jókòó sí, wọ́n á fi fìlà gba àga sílẹ̀ fún màámi. Mo máa ń bá wọn jà lórí ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì mi.” Ó nu ojú. “Ẹ ṣeun, mà. Ká ní ẹ sọ pé wọ́n dárúkọ mi ni, mi ò ní gbà yín gbọ́.”

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ìsinmi wọn parí. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà sílé, Bàbá Ìbejì yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ó béèrè pé, “Àwọn tó ń rọbí yẹn, ṣé bó o ṣe máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Èmi rò pé ariwo àti ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò ké ńkọ́? Ṣé wọ́n pọ̀?”

Ìyá Ìbejì wo ojú fèrèsé. “Wọn ò pọ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí gbogbo wọn. Bí mo bá wọlé, oúnjẹ ti tutù, inú ti ń bí yín. Mi ò wá fẹ́ fi tiwọn kún un.”

Nígbà náà ni omi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Ìbejì fa ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ sórí orúnkún ara rẹ̀, ó fi méjèèjì tirẹ̀ bò ó.

“Bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni àkọ́kọ́,” ni ó wí nígbà tó yá.

Ìyàwó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ yà sílé epo, àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀ lọ ra nǹkan jíjẹ, wọ́n sì padà wọlé. Àwọn méjèèjì kò kúrò lórí àga wọn, Bàbá Ìbejì sì tẹ́tí sílẹ̀.