Zebuloni Jẹ́wọ́, Pèrègún Ò Mira

Tí ẹ bá gbọ́ ohùn obìnrin tó ń bá ewúrẹ́ jà lórí òkè wa lẹ́yìn ìlú Mbale ní Uganda, Yayeri ni. Tí ẹ bá gbọ́ ọ tó ń bá Ọlọ́run jà, Yayeri náà ni. Ewúrẹ́ ti wọlé nìyẹn. Júù ni, bíi ti púpọ̀ nínú wa níbí láti ayé àwọn bàbá wa àgbà. Ó ń pa Ọjọ́ Ìsinmi wa, ọjọ́ Sátidé, mọ́, ó ń tọ́jú kọfí rẹ̀, kò sì gbàgbé nǹkan kan rí.

Gerisomu, ọkọ rẹ̀, kú, a sì sin ín sáàárín kọfí tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Iyẹ̀pẹ̀ sàréè kò tíì gbẹ tí Zebuloni, àbúrò olóògbé, fi hú pèrègún tó wà ní ààlà, tó lọ tún un gbìn sínú oko opó. Kò sún un jìnnà. Ó kàn sún un débi tí sàréè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi bọ́ sí ìhà tirẹ̀ ni. Láti ìgbà náà, tí Yayeri bá fẹ́ tu koríko orí sàréè ọkọ rẹ̀, àfi kó gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó jí i. Ọtí ló ń darí Zebuloni nígbà yẹn, àdá kì í sì í jìnnà sí i. Àwọn àgbà tó yẹ kó pè é lẹ́jọ́ rántí lójijì pé àwọn ní iṣẹ́ nílé.

Lẹ́yìn náà ni Zebuloni rí ìgbàlà. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó kúrò lọ́dọ̀ wa, ó di Kristẹni, ó fi ọtí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sì na ìyàwó rẹ̀ mọ́. Gbogbo òfin tí a ti kà sí i létí láti kékeré kò ṣe ìdajì ìyẹn. A gbà fún un. Ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì olórùlé koríko, wọ́n ń pè é ní Pásítọ̀.

Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé kí ẹni tó ṣẹ̀ dìde, kó jẹ́wọ́ ní gbangba, kí àwọn yòókù fi orin gbà á mọ́ra. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni Zebuloni wá yàn láàyò? Pèrègún ni.

"Èmi yìí! Mo hú ààlà opó! Mo jí sàréè ẹ̀gbọ́n mi! Ṣùgbọ́n kì í ṣe nípa iṣẹ́, ẹ̀yin ará! Oore-ọ̀fẹ́ ni! Ẹ̀jẹ̀ ti wẹ̀ mí mọ́!"

Àwọn obìnrin á bú sẹ́kún. Ó mọ̀ ọ́n sọ débi pé wọ́n ń ti abúlé mìíràn wá gbọ́ ọ. Yayeri náà ń gbọ́ ọ láti inú oko rẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Pèrègún pàápàá ń gbọ́. Kò mira.

Nígbà tí Ọjọ́ Ètùtù, ọjọ́ ààwẹ̀ ìdáríjì wa, ń súnmọ́lé, Àgbà Samusoni, olórí ilé àdúrà wa, lọ bá Yayeri.

"Yayeri ọmọ mi, dárí ji ọkùnrin yìí. Èèyàn kì í gbé ìbínú wọ Ọjọ́ Ètùtù."

"Bàbá, ṣé ó ti bẹ̀ mí ni?"

"Ṣebí ó ń jẹ́wọ́."

"Fún ta? Ṣé Ọlọ́run ni opó Gerisomu? Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹni tó bá ṣẹ ẹnì kejì rẹ̀, ààwẹ̀ kò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́, àfi tó bá kọ́kọ́ tu onítọ̀hún lójú. Àbí òfin ọ̀hún ti sú yín ni?"

Àgbà Samusoni wúkọ́. Tó bá ti wúkọ́, ó ti fìdí rẹmi nìyẹn. "Ṣùgbọ́n tó bá wá bẹ̀ ọ́, tí o kọ̀, ọrùn rẹ ni ẹ̀ṣẹ̀ yẹn ń bọ̀ o."

"Kó kọ́kọ́ wá ná!"

Ní ọjọ́ Àìkú, Yayeri wẹ̀, ó wérí, ó rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Zebuloni. Nígbà tí àsìkò ìjẹ́wọ́ tó, òun ló kọ́kọ́ dìde.

"Ẹ̀yin ará, èmi náà ti ṣẹ̀. Láàárọ̀ yìí, mo tú màálù Pásítọ̀ lórí ìso, mo fà á lọ sílé mi."

"Halelúyà!" Orin bẹ́. Wọ́n dì mọ́ ọn. Zebuloni nìkan ni kò kọrin.

"Ìyàwó wa, màálù wo? Èyí tó lóyún?"

"Òun ni, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n oore-ọ̀fẹ́ ti wẹ̀ mí. Ẹ wò ó bí ara mi ṣe fúyẹ́."

"Lọ dá a padà!"

"Háà, Pásítọ̀! Ṣé iṣẹ́ ló wá ń gbani là ni?"

"Yayeri! Màálù mi dà?"

Orin ti kú sí wọn lẹ́nu.

"Ó wà lórí ìso rẹ̀, ó ń jẹ koríko. Mo ti dá a padà kí n tó wá síbí. Lọ́dọ̀ tiwa, à á kọ́kọ́ dá nǹkan padà ká tó sunkún. Ó ku tìrẹ. Sàréè ọkọ mi dà?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ìwàásù ọjọ́ náà kúrú púpọ̀.

Odindi ọ̀sẹ̀ ni Zebuloni fi ronú, ọjọ́ Sátidé ló sì wá mú, nítorí ó mọ̀ pé ilé àdúrà ni gbogbo wa máa wà, ojú ò ní rí i. Ọmọ tí a bí sáàárín wa o! Nígbà tí a ń darí bọ̀, a bá a nínú oko, ó ti hú díẹ̀ nínú pèrègún náà sílẹ̀, òógùn bò ó.

"Fi ọkọ́ yẹn sílẹ̀!" Yayeri ló pariwo bẹ́ẹ̀.

"Ìyàwó wa, ohun tí o ń torí ẹ̀ bínú náà ni mo ń ṣe yìí!"

"Lónìí? Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, o ò rí ọjọ́ kankan, àfi èyí tí Ọlọ́run ní kí ilẹ̀ mi sinmi? Ẹnikẹ́ni ò ní ro oko nítorí mi lónìí."

"Ọ̀la ni ọjọ́ Olúwa. Ìjọ ń dúró dè mí."

"Ìyẹn kàn ọ́. Tí oòrùn ọ̀la bá wọ̀, Ọjọ́ Ètùtù dé. Mi ò ní ọjọ́ mìíràn tí mo fẹ́ yá ọ."

Ní ọjọ́ kejì, ìjọ kọrin títí orin fi tán, wọn ò rí Pásítọ̀. Wọ́n wá a dé oko, wọ́n bá a tó ká ṣòkòtò sókè, tó ń gbẹ́lẹ̀.

"Pásítọ̀! Iṣẹ́ lọ́jọ́ Olúwa! Àbí ẹ fẹ́ padà sábẹ́ òfin ni?"

"Arákùnrin, ẹ gbé pèrègún yẹn fún mi, àbí kẹ́ ẹ lọ jókòó."

Yayeri káwọ́ gbera. "Ibẹ̀ kọ́. Sún un."

"Ibí?"

"Gerisomu ń wò ọ́. Sún un!"

Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn dúró, Zebuloni kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ sàréè. "Ìyàwó wa, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ṣẹ ẹ̀gbọ́n mi. Jọ̀ọ́."

Nínú gbogbo ìjẹ́wọ́ rẹ̀, èyí ló kúrú jù. Kò sẹ́ni tó kígbe Halelúyà.

Yayeri fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí pèrègún tó kẹ́yìn mọ́lẹ̀. Ìbínú tó ti tọ́jú bíi kọfí, kò rọrùn kó gé e lulẹ̀.

"Mo dárí jì ọ́," ló sọ níkẹyìn. "Inú ṣì ń bí mi o."

Ó wọlé, ó sì gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣíṣè àti ọbẹ̀ ẹ̀pà wá fún un, lára oúnjẹ tí a máa ń jẹ kí ààwẹ̀ tó wọlé.

"Ìyàwó wa," Zebuloni bẹ̀rẹ̀, "oore-ọ̀fẹ́ ló gbé mi débí, kì í ṣe agbára mi."

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n oore-ọ̀fẹ́ ọ̀hún pẹ́ lọ́nà. Jẹun."

Oòrùn kò tíì wọ̀. Yayeri bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tu koríko orí sàréè ọkọ rẹ̀. Kò gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.