Àtẹ̀gùn Màmá Nínú Omi

Èmi ni mo ya pláànù adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé àbúrò mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín. Iṣẹ́ mi nìyẹn, ilé àti àgbàlá ni mò ń yà jẹun. Ṣùgbọ́n ìyá wa ló ni ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀, Màmá tí wọn ò ki ẹsẹ̀ bọ púùlù rí títí irun orí wọn fi funfun.

Òtẹ́ẹ̀lì kan ni Màmá ti fọṣọ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Fèrèsé yàrá ìfọṣọ ibẹ̀ kọjú sí púùlù kan tí wọ́n ṣe bíi ti àwọn ará Sípéènì, ìdí fèrèsé yẹn ni Màmá sì máa ń dúró sí ká táwẹ́ẹ̀lì àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ká a: ẹ ó ṣẹ́ ẹ po, ẹ ó tún un ṣẹ́, ẹ ó wá ká a bí ẹni ń ká ẹní, kí etí ẹ̀ má yọ síta. Èyí tí etí ẹ̀ bá yọ, ọ̀gá ibẹ̀ á jù ú padà sórí tábìlì, á ní, "Tún un ká." Òṣìṣẹ́ kankan ò sì gbọdọ̀ wọ omi yẹn. Ojú lásán ni ìyá mi fi wẹ̀ ńbẹ̀.

Nígbà tí ọwọ́ àbúrò mi wá tó ẹnu, tó kọ́lé, tó mú Màmá sọ́dọ̀, ó ní òun fẹ́ púùlù bíi ti Sípéènì lẹ́yìnkùlé. Inú ìwé nìkan ni èmi ti rí irú ẹ̀. Màmá ló jókòó tì mí nídìí tábìlì kíṣìnnì, tí wọ́n ń là mí lóye.

"Ògiri ẹ̀yìn, kùn ún ní funfun. Dá ihò kékeré kan sára ẹ̀ tí omi á máa gbà já sínú púùlù, kó máa dún jẹ́jẹ́. Bíríkì pupa ni kí o tò sétí ẹ̀. Má lo èyí tó ń dán, àwọn èèyàn á yọ̀ ṣubú."

"Àtẹ̀gùn ńkọ́, Màmá?"

Ojú wọn tàn. "Kó fẹ̀ dáadáa, kó máa lọ díẹ̀díẹ̀ wọnú omi. Iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ táìlì búlúù aláràbarà mọ́ ọn. Orúnkún mi ò lè gun àkàbà." Wọ́n fọwọ́ pa orúnkún náà. "Èmi náà fẹ́ wọ̀ ọ́, ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kú láìwọ̀ ọ́."

Mo ya àtẹ̀gùn náà, mo yà á fẹ̀.

Kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀ níbikíbi, màá kọ́kọ́ kan èèkàn, màá ta okùn, màá fi ẹfun fa gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe máa rí gẹ́lẹ́, kí àwọn onílé máa rìn nínú ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìwé lè tan ojú jẹ, ẹsẹ̀ ò ṣeé tàn. Ní àràárọ̀, Màmá á mú ọ̀pá wọn, wọ́n á gba orí àtẹ̀gùn ẹfun náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á dúró láàárín àgbàlá, wọ́n á máa na apá síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó wà nínú omi. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi lé sí mi lójú.

Àárọ̀ ọjọ́ tí katakata wá gbẹ́lẹ̀, mo débẹ̀, mo rí i pé ẹnì kan ti fi bàtà nu àtẹ̀gùn Màmá rẹ́. Wọ́n ti fa ìlà gbọọrọ kan dípò ẹ̀.

"Àtẹ̀gùn yẹn ń gba àyè," ni àbúrò mi wí. "Ẹ jẹ́ ká fi àkàbà irin síbẹ̀. Mo fẹ́ kó jìn káàkiri, káwọn ọ̀rẹ́ mi lè máa bẹ́ sínú ẹ̀."

"Màmá ńkọ́?"

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Kí làgbàlagbà ń wá nínú púùlù? A ó gbé àga tó dáa sétí omi fún wọn. Wọ́n á máa bá wa mójú tó táwẹ́ẹ̀lì. Ṣebí iṣẹ́ wọn ni tẹ́lẹ̀."

Orí mi gbóná. Táwẹ́ẹ̀lì tí ìyá fi tọ́ ọ dàgbà, òun náà ló tún fẹ́ gbé lé ìyá lọ́wọ́. Mo ní kó kó pláànù mi fún mi, kó lọ wá aláìnítìjú bíi tiẹ̀ tó máa yà á. A ń fa gbọ́nmi-si-omi-ò-to yìí lọ́wọ́, a ò mọ̀ pé Màmá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, tí wọ́n ń gbọ́.

Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n wọ́ àga oníke kan nílẹ̀, wọ́n gbé e síbi tí àtẹ̀gùn wọn wà tẹ́lẹ̀ gan-an, wọ́n jókòó, wọ́n gbé ọ̀pá lé itan. Awakọ̀ katakata pa ẹ́ńjìnnì ẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ló wí. "Ibi tí mo fẹ́ gbẹ́ lẹ jókòó sí yẹn."

"Mo mọ̀," ni Màmá fèsì. "Gbẹ́ yí mi ká."

Àbúrò mi bẹ̀ wọ́n. Ó ní oòrùn máa pa wọ́n. Màmá ní ooru yàrá ìfọṣọ ò pa àwọn, ṣé oòrùn ló máa wá pa àwọn? Ó ní àwọn ará àdúgbò ń wò. Màmá ní kí wọ́n sún mọ́ ọgbà, kí wọ́n lè ríran dáadáa. Ló bá ní, "Ṣé ẹ fẹ́ dójú tì mí ni?"

Màmá gbójú sókè wò ó. "Mo wo omi lójú fèrèsé títí mo fi darúgbó. Omi olómi nìyẹn, mo gbà. Ilé ọmọ mi rèé. Bí mi ò bá wọ̀ ọ́ níhìn-ín, níbo ni màá ti wọ̀ ọ́? Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mi ò ní dákẹ́."

Awakọ̀ katakata ní òun náà ní ìyá, òun ò lè gbẹ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá oníyàá. Ó lọ jókòó sábẹ́ ibòji. Ìgbà tí oòrùn kàn wá látàrí, àbúrò mi wá bá mi, kò lè wò mí lójú. "Ẹ fa àtẹ̀gùn náà padà." Mo bu ẹfun, mo fà á, mo tún fi díẹ̀ kún fífẹ̀ ẹ̀. Ta ni yóò bi mí?

Ọjọ́ tí púùlù kún, àbúrò mi pe àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Àga tó dáa yẹn wà létí omi lóòótọ́, táwẹ́ẹ̀lì sì kún orí ẹ̀. Màmá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá nínú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tuntun. Wọ́n fi ọ̀pá sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí omi fi dé àyà wọn. Omi ń já láti ara ògiri funfun, ó ń dún jẹ́jẹ́. Màmá dijú. Mo sunkún, mi ò ní purọ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ jáde, wọ́n yíjú sí àbúrò mi láàárín àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀.

"Ọmọ mi, bá mi mú táwẹ́ẹ̀lì wá."

Ó fa ọ̀kan yọ, ó sáré ká a wúruwùru, ó mú un wá. Màmá wò ó látinú omi. Etí ẹ̀ yọ síta.

"Tún un ká," ni Màmá wí.

Ó padà síbi àga náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún un ká.